EWÉ PỌ́N NÍ ÀKÓKÓ O! Ibi tí fótò ewé ti ń dùn jù, láti Ùgbè dé Ọ̀kà

Ta ló sọ pé ìlú òyìnbó nìkan ni ewé ti ń pọ́n? Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀, kó wọ mọ́tò wá sí Àkókó nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá mú, tí ètè ń là, tí gbogbo ilé ń wá òrí kiri. Kó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà Ùgbè láàárọ̀ kùtù, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú lẹ́yìn àpáta. Yóò rí ewé tíìkì tó ti di aláwọ̀ búráùn, yóò rí ewé furúùtù tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, yóò rí ewé kaṣú tó ń dán bí idẹ. Bí kò bá yọ fóònù nínú àpò, a jẹ́ pé ojú ń dùn ún ni.

Òótọ́ ni pé ní Amẹ́ríkà, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Vermont àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká, àwọn èèyàn máa ń gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ lóṣù kẹwàá torí kí wọ́n lè lọ wo ewé. Ní Japan, ìlú Kyoto máa ń kún fún èrò lóṣù kọkànlá nítorí ewé pupa. Wọ́n á gbé kámẹ́rà kọ́rùn, wọ́n á san owó hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á máa wo igi bí ẹni ń wo eégún. Ní ti Àkókó, igi wà, ewé wà, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ohun tó bá wà lẹ́yìnkùlé ẹni, kì í jọ ẹni lójú.

"Ẹ FI HÀN MÍ, BÀBÁ ÀGBÀ"

Bàbá àgbẹ̀ kan wà ní Ùgbè tó ti lé ní 70 ọdún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé ní London, ó sì ti bímọ síbẹ̀. Lóṣù kẹwàá, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 9, fi fótò ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá. Ọmọ náà dúró sábẹ́ igi kan tí gbogbo ewé rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀, ó kó ewé kún ọwọ́ méjèèjì. Ó wá fi ohùn sí i pé, "Bàbá àgbà, ṣé ewé máa ń pọ́n lọ́dọ̀ yín náà?"

Bàbá dáhùn pé ó ń pọ́n dáadáa. Ọmọ náà ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ti kọ́ àwọn ní ilé ìwé pé nílẹ̀ tí oòrùn bá ti ń mú, gbogbo ìgbà ni ewé máa ń tutù yọ̀yọ̀. Ó ní, "Ẹ fi hàn mí, bàbá àgbà."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ bàbá lára. Kò sí àgbàlagbà tó fẹ́ kí ọmọdé pe òun ní onírọ́, kódà kó jẹ́ ọmọ tó ń fi ìfẹ́ ṣeré. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló ń lé bàbá léré. Àkọ́kọ́, ó ní 40 igi tíìkì tó gbìn sẹ́yìn ilé nígbà tí ìyá ọmọ náà ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ra igi ti wá wò wọ́n, wọ́n ti san àsansílẹ̀, wọ́n sì ní kí oṣù kìn-ín-ní tó parí, àwọn ń bọ̀ wá gé e. Ìkejì ni ojú bàbá. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú ọ̀tún, ti òsì náà ti ń ṣe bàìbàì. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló máa gbà. Owó iṣẹ́ abẹ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ fi igi san.

Bí bàbá ṣe ránṣẹ́ pe fótógíráfà nìyẹn. Ọmọkùnrin kan ni, Ìkàrẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́: fótò ìgbéyàwó, fótò ìsìnkú, fótò ìsọmọlórúkọ, fótò pélébé pélébé fún fọ́ọ̀mù. Ó gun ọ̀kadà dé, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé gbogbo ẹrù rẹ nìyẹn?"

"Kámẹ́rà ni sà, àti fóònù. Ta lẹ fẹ́ kí n yà? Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ni?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ojú mi yìí ṣe nínú fótò? Ewé ni kí o bá mi yà."

"Ewé kẹ̀? Ewé wo, bàbá?"

"Ewé tó ń wọ́ dànù. Yà á kí wọ́n tó gé igi rẹ̀. Mo sì fẹ́ rí fótò náà kí ojú yìí tó ṣú pátápátá."

Ẹ̀rín tó ti wà lẹ́nu ọmọkùnrin náà, ó gbé e mì. Ó ní, "Ó dáa, bàbá. Níbo la ó ti bẹ̀rẹ̀?"

KÍ LÓ Ń MÚ EWÉ PỌ́N?

Kí a tó dé ibi tí wọ́n lọ, ó yẹ kí èèyàn mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ewé tutù nítorí pé nǹkan aláwọ̀ ewé kan wà nínú rẹ̀ tí igi fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tó sì fi ń se oúnjẹ ara rẹ̀. Ní ìlú òyìnbó, nígbà tí ọ̀sán bá ń kúrú, tí òtútù ń bọ̀, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Á fa ohun tó wúlò nínú ewé padà sínú ẹ̀ka. Àwọ̀ tútù yẹn á parẹ́, àwọ̀ yẹ́lò tó ti fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ látọjọ́ yìí á wá yọ. Ti pupa yàtọ̀ o. Igi ló ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é látinú ṣúgà tó kù sínú ewé.

Nílẹ̀ wa, òtútù kọ́ ló ń ṣe é, àìsí omi ni. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá ni òjò ti ń dáwọ́ dúró ní Àkókó. Ilẹ̀ á gbẹ. Ọyẹ́ á gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti òkè ọ̀hún, á máa fa omi lára èèyàn, lára ẹran, lára ewé. Ojú ewé sì ni omi igi ń gbà lọ. Igi tó bá gbọ́n, á ju ewé sílẹ̀. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í fi ìkòkò tó jò pọnmi.

Ohun tó yàtọ̀ láàárín tiwa àti tiwọn ni pé igi wa kì í ṣe é pa pọ̀. Òní ni ti eléyìí, ọ̀la ni ti tọ̀hún, àwọn míì ò tiẹ̀ ní í wọ́wé rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń retí kí gbogbo òkè pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà bí ti Vermont, yóò retí títí. Igi kọ̀ọ̀kan ni kó máa wá kiri.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fiyè sí. Ewé tó ń kú nìkan kọ́ ló ń pọ́n lọ́dọ̀ wa. Ewé tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bí náà ń pọ́n. Ẹ wo máńgòrò nígbà tó bá ń rúwé: pupa ni ọmọ ewé máa ń jáde, á rọ̀ dẹ̀dẹ̀ bí etí ewúrẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò tó tutù. Kòkó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kaṣú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ó lè jẹ́ pé pupa yẹn ló ń dáàbò bo ewé ọmọdé lọ́wọ́ oòrùn àti lọ́wọ́ kòkòrò. Lọ́rọ̀ kan, ní Àkókó, ewé á pọ́n kó tó lọ, ewé á sì tún pọ́n nígbà tó bá ń bọ̀.

ÙGBÈ: TÍÌKÌ LÁÀÁRỌ̀ KÙTÙ

Ùgbè kò jìnnà sí Ìkàrẹ́. Òkè àti àpáta yí agbègbè náà ká, oko sì kún àárín wọn. Lẹ́yìn ilé bàbá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí aago 7 àárọ̀.

Igi tíìkì kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Láti Íńdíà àti Bọ́mà lọ́hùn-ún ni wọ́n ti mú un wá láyé òyìnbó amúnisìn, nítorí pákó rẹ̀ tí ikán kì í fẹ́ẹ́ jẹ. Ewé rẹ̀ tóbi, ọ̀kan tó láti bo ojú ọmọdé tán. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á yí padà sí yẹ́lò, á di búráùn, á sì já. Bí ọ̀kan bá ń já, èèyàn á gbọ́ ọ: pàà! Ẹni tó bá ń rìn lórí ewé tíìkì gbígbẹ, kò lè yọ́ wọlé olè, ariwo rẹ̀ á ti jí gbogbo ilé.

Fótógíráfà kọ́kọ́ dúró sí ìta, ó ya gbogbo igi pa pọ̀. Kò dáa. Ojú ọ̀run funfun nítorí ọyẹ́, igi dúdú, ewé ò hàn. Ó tún yà á, kò dáa síbẹ̀. Bàbá ló sọ fún un pé, "Ọmọ mi, ìwọ lo dúró síbi tí oòrùn wà. Wá sódì kejì, kí oòrùn wà lẹ́yìn ewé."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Haa! Gbogbo ewé tan bí àtùpà. Iṣan ewé hàn kedere bí iṣan ọwọ́ àgbàlagbà. Àṣírí àkọ́kọ́ nìyẹn: bí èèyàn bá fẹ́ kí ewé pọ́n nínú fótò, kó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ewé kọjá wá bá òun, kó má ṣe jẹ́ kó bọ́ sí ojú ewé nìkan.

Àṣírí kejì ni pé kí ẹni tó ń yà á má ṣe máa wòkè ṣáá. Ilẹ̀ abẹ́ tíìkì dà bí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún ọba. Fótógíráfà dùbúlẹ̀, ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó ní kí bàbá rìn kọjá. Ẹsẹ̀ bàbá àti ọ̀pá rẹ̀ nìkan ló wọ inú fótò, ewé búráùn wà níwájú, òpó igi tíìkì tò lẹ́yìn. Èyí ló dáa jù nínú gbogbo èyí tó yà ní Ùgbè.

ÌKÀRẸ́: FURÚÙTÙ, ỌBA PUPA

Bí èèyàn bá fẹ́ pupa gidi, igi furúùtù ni kó wá, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń sọ lókùúta tí wọ́n bá ń wá èso rẹ̀. Igi àjèjì ni òun náà, etíkun Éṣíà ló ti wá. Kò sí ilé ìwé àtijọ́ tí èèyàn kì í ti í rí i, torí pé ibòji rẹ̀ gbòòrò bí agboòrùn. Ó lè wọ́wé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń pọ́n dáadáa.

Ìkàrẹ́ ìlú ńlá ni, ìlú ọjà, níbi tí gbogbo Àkókó ti ń pàdé, òkè sì dúró yí i ká bí ògiri. Furúùtù wà nínú ọgbà ilé ìwé, ó wà níwájú àwọn ilé àtijọ́ tó ní òrùlé páànù tó ti dípẹtà. Páànù tó dípẹtà yẹn gan-an ni kí fótógíráfà wá. Ewé pupa lórí páànù búráùn, ó bára mu ju ọ̀run funfun lọ.

Ṣùgbọ́n furúùtù kì í pọ́n tán lẹ́ẹ̀kan. Ewé 5 á pọ́n, 20 á ṣì tutù. Kí èèyàn má ya gbogbo igi. Kó sún mọ́ ẹ̀ka kan, kó yan ewé pupa kan tí tútù yí ká. Tó bá jẹ́ fóònù ló ń lò, kó fi ìka tẹ ojú ewé yẹn nínú fóònù, kó sì dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fóònù á sọ pupa di píǹkì.

Ìwà ọmọlúàbí ńkọ́? Ilé ìwé ní ọ̀gá, ilé ní onílé. Fótógíráfà kọ́kọ́ lọ kí ọ̀gá ilé ìwé, ó sì ṣàlàyé. Àwọn ọmọ iléèwé rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Brọ̀dá, ṣé ewé máa san owó ni?" Kó tó ṣe tán, wọ́n ti ń bá a ṣa ewé tó pọ́n jù.

ÀKÙNGBÁ: ÒDÒDÓ LÓRÍ IGI ÌHÒÒHÒ

Láti Ìkàrẹ́, ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ni wọ́n gbà dé Àkùngbá, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà sí Ọ̀kà, tó gba Ẹ̀pìnmì lọ sí Ìsùà. Ibi tí òkúta pọ̀ ni. Àpáta jáde láti inú ilẹ̀ bí ẹ̀yìn erin, koríko gbígbẹ sì hù sí ìhà rẹ̀. Lẹ́yìn aago 5 ìrọ̀lẹ́, gbogbo koríko yẹn á di wúrà. Kò pẹ́ tó ìdajì wákàtí tí wúrà náà á fi parẹ́, nítorí náà kí èèyàn ti wà níbẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Igi tó yẹ kí èèyàn wá níhìn-ín ni pọ́npọ́lá. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, á ju gbogbo ewé sílẹ̀, á wà níhòòhò, á wá tanná pupa lórí ẹ̀ka gbígbẹ. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á rò pé ewé ló pọ́n, òdòdó ni. Ológunṣéṣe náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó ń yà wọ́n wá ibi tí àpáta dúdú wà lẹ́yìn òdòdó, nítorí ojú ọ̀run ọyẹ́ kò lẹ́wà nínú fótò.

Níbẹ̀ ni fótógíráfà ti sọ fún bàbá pé ojú ń ti òun. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń gba ọ̀nà yìí kọjá tí òun bá ń lọ ṣiṣẹ́ ìgbéyàwó, òun ò wo igi yẹn rí. Kò yẹ kójú tì í. Àgbà fótógíráfà kan wà nílẹ̀ yìí, J. D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí lọ́dún 1930, tó sì kú lọ́dún 2014. Kí ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀? Irun orí obìnrin ni. Láti ọdún 1968 ló ti ń ya irun dídì àti irun kíkó, lọ́jà, lóde àríyá, lójú pópó. Ohun tí gbogbo èèyàn ń rí lójoojúmọ́ tí wọn ò wò, òun wò ó. Lónìí, àwọn fótò náà ti wọ ilé ọnà ńlá ńlá lókè òkun.

Ọ̀KÀ: ÒKÈ LÓRÍ ÒKÈ

Ọ̀kà ni ìparí ìrìn àjò, òun náà sì ni adé rẹ̀. Orí òkè ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí, títí lọ sókè níbi tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ti ń lọ gbàdúrà ní Òkè Maria. Èèyàn á dúró lókè, á máa wo àfonífojì nísàlẹ̀, òkè kan á wà lẹ́yìn òkè míì.

Níhìn-ín ni ọyẹ́ tó ti ń ba fótò jẹ́ látàárọ̀ á ti wá di ọ̀rẹ́. Eruku ọyẹ́ á jẹ́ kí òkè tó sún mọ́ dúdú, èyí tó tẹ̀lé e á rí bí eérú, tọ̀hún á rí bí èéfín, títí wọn yóò fi parẹ́ mọ́ ọ̀run. Kí ẹni tó ń yà á wá ẹ̀ka igi kan tí ewé rẹ̀ pọ́n, kó fi ṣíwájú, kí àwọn òkè wà lẹ́yìn. Owó ò lè ra irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Aago 7 àárọ̀ sí aago 8 ààbọ̀ ló dáa jù. Lẹ́yìn èyí, oòrùn á ga, gbogbo nǹkan á sì funfun.

Ẹni tó bá padà wá lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin, yóò rí nǹkan míì. Òjò á ti fọ eruku kúrò lójú ewé, afẹ́fẹ́ á mọ́ kedere. Oko kòkó àti máńgòrò á rú ọmọ ewé pupa. Àwọn kan sọ pé ìgbà yẹn tiẹ̀ dùn ju ìgbà ọyẹ́ lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń wá ibi tí igi púpọ̀ ti ń wọ́wé lẹ́ẹ̀kan náà bí ti òyìnbó, kó lọ sí ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí oko rọ́bà wà ní agbègbè Aràròmí-Obù. Rọ́bà jẹ́ igi kan tí gbogbo oko rẹ̀ máa ń yí àwọ̀ pa pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yẹ́lò, búráùn àti pupa, kó tó wọ́wé tán, á sì tún rú òmíràn láìpẹ́. Ṣùgbọ́n oko olóko ni, kí èèyàn tọrọ àyè kó tó wọlé.

KÍ ẸNI TÓ Ń LỌ ṢỌ́RA

Ewé dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ̀mí dùn jù ú lọ. Ejò fẹ́ràn abẹ́ ewé gbígbẹ, bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí èèyàn wọ̀. Ìgbà ọyẹ́ náà ni iná ọdẹ àti iná àgbẹ̀ ń jó igbó. Bí èéfín bá ti ń bọ̀ láti ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí fótógíráfà gbé kámẹ́rà, kó máa lọ. Kò gbọdọ̀ sọ ìdí sìgá sílẹ̀, nítorí ewé tíìkì gbígbẹ ń jó bí bébà.

Ọ̀rọ̀ ìjínigbé náà kò ṣeé fi ṣeré. Ó ti da àwọn ọ̀nà kan láàmú ní ìhà yìí ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá fi dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ lọ́dún 2020. Kí ẹnikẹ́ni má dá wọ igbó. Kó rìn lọ́sàn-án, kó mú ọmọ ìlú dání, kó sì béèrè bí ọ̀nà ṣe rí kó tó lọ. Ibòmíràn wà tó jẹ́ ojúbọ tàbí igbó orò. Bí wọ́n bá ní kí ẹnikẹ́ni má dé ibẹ̀, kí èèyàn tẹríba, kó kọjá. Ewé kò wọ́n níbòmíràn.

Ní ti kámẹ́rà, eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Kí wọ́n fi ọ̀rá dì í, kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ nu ojú rẹ̀, kí wọ́n má sì tú ojú kámẹ́rà níta gbangba. Láyé fíìmù, fótò 36 péré ló wà nínú rólù kan, èèyàn á ronú kó tó tẹ̀ ẹ́. Fóònù ti fún wa láyè láti ya 300, ṣùgbọ́n kò tíì kọ́ wa láti wò kí a tó yà.

GÍGÉ ÀTI HÍHÙ

Fótógíráfà tẹ fótò 12 sórí bébà ńlá, kí bàbá lè rí wọn dáadáa. Bàbá gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sún mọ́ ojú òsì, títí bébà fi ń kan imú rẹ̀. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ló pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí London lórí fóònù.

Ọmọ náà dáhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. "Bàbá àgbà, ẹ má bínú. Mo ti fi han gbogbo kíláàsì wa. Wọ́n ní ta ló ni ẹsẹ̀ yẹn." Bàbá rẹ́rìn-ín débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ojú tó ń dùn ún.

Kí oṣù tó parí, àwọn tó ra igi dé pẹ̀lú ayùn ẹlẹ́rọ. Láàárín ọjọ́ 2, gbogbo tíìkì wó lulẹ̀. Fótógíráfà wá, ṣùgbọ́n kò ya ìyẹn. Ó ní ó dà bí kí èèyàn máa ya òkú láìgba àṣẹ. Ẹ̀yìn ilé wá mọ́lẹ̀ jù, oòrùn sì ń wọ yàrá tí kò wọ̀ rí.

Owó igi pé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún, ó sì yọrí sí rere.

Lẹ́yìn òjò kejì lóṣù kẹrin, bàbá fúnra rẹ̀ ló tẹ fótógíráfà láago. Ó ní kó máa bọ̀ kíá, kó gbé kámẹ́rà dání. Nígbà tó dé, bàbá fà á lọ sẹ́yìn ilé láìgbé ọ̀pá. Kùkùté tíìkì kì í tètè kú. Lára ọ̀pọ̀ nínú 40 kùkùté náà, ọ̀mùnú ti yọ, ewé kéékèèké ti ń jáde.

Bàbá já ewé ọmọdé kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rún un. Ẹni tó bá dàgbà lábúlé mọ ohun tó ń bọ̀: omi pupa jáde, ó kun gbogbo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀. Bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń fi dẹ́rù ba ìyá wọn nìyẹn, tí wọ́n á ní àwọn ti fi ara ṣèṣe.

"Ya ọwọ́ mi," ni bàbá wí.

"Ọwọ́ nìkan, bàbá?"

"Ọwọ́ nìkan. Sọ fún ọmọ yẹn pé nígbà tí ewé wa bá tiẹ̀ ń tutù, pupa wà nínú rẹ̀. Kó gba ìyá rẹ̀ níyànjú kí wọ́n wá wò ó. Ìwọ náà, padà wá nígbà ọyẹ́. Àwọn èyí ò ní tíì ga, ṣùgbọ́n wọ́n á wọ́wé."

Fótógíráfà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté, ó jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn ọwọ́ bàbá, ó sì yà á.